Bí Ọlọ́jà Méjì Bá Wọ̀yá Ìjà

Obìnrin méjì ń ta ànàmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Ọjà Owódé, l'Ọ́fà. Ìbòji agboòrùn wọn ló fà mí yà síbẹ̀ ju ànàmọ́ lọ. Wọ́n ti to ọjà wọn ní márùn-ún márùn-ún, òkìtì sí òkìtì. Mo béèrè iye. Iye kan náà ni àwọn méjèèjì pè, bí ẹni pé ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò. "Ìyá, ẹ bá wa dín in." Ẹni àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Àlájì, iye tí gbogbo wa jọ ń tà á nìyẹn o." Mo yíjú sí ìkejì, orin kan náà ló kọ. Mo ti gbẹ́sẹ̀ kan sẹ́yìn nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ mú ànàmọ́ kan, ó gbé e lé òkìtì: "Ẹ gba èènì yín." Kí n tó lanu, ìkejì ti sọ méjì lé tirẹ̀. Kò wò mí, kò sì wo ẹnì kejì rẹ̀. Mo san owó ànàmọ́ márùn-ún, mo gba méje.

Kò sẹ́ni tó dín owó. Bí àwọn oníṣirò ìjọba bá rán akọ̀wé wá síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, iye kan náà ni yóò kọ sínú ìwé rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Síbẹ̀, ànàmọ́ ti dọ́pọ̀ lójú mi kòró. Ohun tí ẹgbẹ́ so mọ́lẹ̀, èènì tú u.

(Ànàmọ́ ni mo pè é, ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní ọ̀dùnkún, ẹ má bínú. Èèyàn kì í dé Ọ̀fà kó wá kọ́ ará Ọ̀fà ní orúkọ oúnjẹ tí gbogbo ayé fi ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.)

Ìjàkadì ni orò Ọ̀fà, ọmọ Yorùbá wo ni kò gbọ́ ọ rí? Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìjàkadì ni pé òǹwòran máa ń mọ̀ bí àwọn méjì tó wà láàárín agbo bá ti jọ sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n á gbá ara wọn mú, wọ́n á máa yí po, eruku á sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹnì kankan kò ní kanlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjà wa rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ aláta, ẹgbẹ́ elépo, ẹgbẹ́ alápatà, ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá: bí wọ́n bá ti fẹnu kò lórí iye, ẹni tó bá tà wálẹ̀ lè san owó ìtanràn, wọ́n sì lè ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. N kò sọ pé ẹgbẹ́ burú. Ẹgbẹ́ ló ń dúró ti ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ṣòfò, òun ló ń parí ìjà orí ìsọ̀, òun ló ń gba aláìní lọ́wọ́ olówó èlé. Ṣùgbọ́n tó bá kan iye tí a ń tajà, oníbàárà ni ẹgbẹ́ dìtẹ̀ mọ́.

Ìjọba náà mọ̀. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń rí sí ìdíje àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, sílẹ̀ ka irú ìfẹnukò bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Lọ́dún 2024, nígbà tí oúnjẹ wọ́n bí ojú, Tunji Bello tó jẹ́ olórí àjọ náà pe àwọn oníṣòwò àti àwọn olórí ọjà jọ, ó fún wọn ní oṣù kan kí wọ́n já owó wálẹ̀. Oṣù náà pé, ó kọjá. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ìwọ̀n ọ̀wọ́n gógó tí NBS, àjọ oníṣirò ìjọba, gbé jáde ti dé 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọjà ń kọ etí dídi sí àṣẹ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Captain Pullen, òyìnbó tí ìjọba amúnisìn fi sídìí ètò oúnjẹ ní Èkó, fi òǹtẹ̀ lu iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ta gàrí. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, àti àwọn èèyàn rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Gàrí sá kúrò lórí àtẹ, ó wọ ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tà á ní iye tó ju ti ìjọba lọ fíìfíì. Ogun parí lọ́dún 1945, ètò Pullen sì bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ìgbà tí owó wálẹ̀ lóòótọ́. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà. Kó tó dìgbà náà, NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú pápá, gbogbo ìlà tẹlifóònù tó wà ní orílẹ̀-èdè kò sì tó mílíọ̀nù kan. Nígbà tí fóònù tuntun dé, síìmù kan tó ₦20,000, ìṣẹ́jú kan sì jẹ́ ₦50. Ẹ fi èyí wé owó oṣù tó kéré jù nígbà yẹn, ₦5,500 fún òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ ra síìmù yóò kó owó tó lé ní ti oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ sílẹ̀. Bó bá wá fẹ́ fi gbogbo owó oṣù kan sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní tó wákàtí méjì.

Ẹni tó bá dàgbà tó ọdún mẹ́wàá nígbà náà á rántí àwọn tó ń ta kọ́ọ̀lù lábẹ́ agboòrùn. L'Ọ́fà, iwájú Poli àti etí ọjà ni wọ́n pọ̀ sí. Oníkọ́ọ̀lù á tẹ nọ́ńbà, á gbé fóònù lé ọ lọ́wọ́, á sì tẹjú mọ́ aago. Ìwọ náà á máa fi ojú kan wo aago. Kò sí "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," kò sí "ilé ń kọ́?" Owó ilé ìwé ni, tàbí òkú tó kú ni, o sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ tán kí ìṣẹ́jú tó pé, nítorí pé ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan kọjá ìṣẹ́jú kan ti jẹ gbèsè ìṣẹ́jú méjì. Mo rí bàbá kan tó ju fóònù sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó, tó wá ń bínú pé òun kò tíì dárúkọ ẹni tó kú.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ sọ pé àsìkò kò tíì tó láti máa fi ìṣẹ́jú-àáyá gba owó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Glo ti Mike Adenuga wọlé, ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Kò pẹ́ kò jìnnà, àsìkò tó fún gbogbo wọn. Síìmù já wálẹ̀ láti ₦20,000 títí ó fi di ohun tí àwọn ọmọ kéékèèké ń dúró lẹ́bàá títì pín, tí wọ́n ń bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣáà gbà á. Ìjọba kò pe ẹnikẹ́ni jọ, kò fún wọn ní oṣù kan. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù kò sì gé owó òṣìṣẹ́ kí ó tó ṣeé ṣe. Ńṣe ni wọ́n ń gba èèyàn síṣẹ́. Ẹni tuntun tó wọ agbo, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀, òun ló ba eré jẹ́.

Ti epo bẹntiróòlù fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́, lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦500, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lékkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú epo jáde láti oṣù Kẹsàn-án, owó kò sì wálẹ̀. Kí ló dé? NNPC, ilé iṣẹ́ epo ìjọba, nìkan ló ń rà á lọ́wọ́ wọn níbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí àwọn alágbàtà mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í rà á tààrà, tí àwọn kan sì ń kó tiwọn wọlé láti òkè òkun, ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ara wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 Dangote sọ iye epo rẹ̀ kalẹ̀ láti ₦970 sí ₦899.50, kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, NNPC náà sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ní oṣù Kejìlá 2025, Dangote tún já tirẹ̀ láti ₦828 sí ₦699. Owó epo rọ̀bì lágbàáyé àti iye dọ́là lọ́wọ́ nínú rẹ̀, n kò ní purọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ní ilé epo, tó ra ọjà ní iye àná, tó wá ń tà á ní iye òní, mọ ẹni tó gbé òun ṣubú.

Kọ̀rọ̀ tí mo sọ ni ti àwọn òṣìṣẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, NUPENG, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo, daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀tọ́ àwọn awakọ̀ àjàgbé tuntun ilé iṣẹ́ Dangote láti wọ ẹgbẹ́. Kí oṣù yẹn tó parí, PENGASSAN, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo kejì, náà ti daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí òṣìṣẹ́ tó lé ní 800 tí wọ́n yọ níṣẹ́. Ẹgbẹ́ ní nítorí pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ni. Ilé iṣẹ́ ní wọ́n ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni. Ẹni tó jàre nínú wọn kọ́ ni mò ń wá. Ohun tí mo rí ni pé nígbà tí ìdíje bá gbóná, ẹni tó ń tajà á máa wo ọ̀tún wo òsì, ibi tí òun lè gé ìnáwó, kò sì sí ibi tó sún mọ́ ọ̀bẹ tó òṣìṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, nínú lítà epo kan, epo rọ̀bì ló ń jẹ owó. Ti òṣìṣẹ́ kò ju omi ìṣanwọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ owó òṣìṣẹ́ yìí lẹnu máa ń pọ̀ lé lórí jù. Kí àlẹ́ẹ̀tì tó dún lórí fóònù akọ̀wé, ọlọ́jà á ti gbé owó lé ọjà. Ẹ jẹ́ ká wo ìdúnàádúrà ọdún 2024. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, NLC àti TUC, pe ₦615,000. Ìjọba pe ₦48,000. Ẹni tó bá ti ná aṣọ rí l'Ówódé mọ ohun tí àwọn méjèèjì ń ṣe: ẹni tó ń tà gbé e sókè kó lè rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀ sí, ẹni tó ń rà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí kò ní í lò ó. Òṣìṣẹ́ wálẹ̀ sí ₦494,000, ó tún wálẹ̀ sí ₦250,000. Ìjọba ń fi ìdí wọ́ gòkè, ₦54,000, ₦57,000, ₦60,000, ₦62,000. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, iná mànàmáná kú jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Keje wọ́n pàdé ní ₦70,000. Owó oṣù ₦30,000 ti ọdún 2019 ra àpò ìrẹsì kan, ó sì ṣẹ́kù. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí lọ, ₦70,000 kò ra odidi àpò kan. Ẹni tó bá sọ fún mi pé owó òṣìṣẹ́ ló gbé ọjà sókè, mo máa ń bi í pé èwo nínú wọn ló kọ́kọ́ gbéra.

Bó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ọ̀fà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, tí Michael Imoudu ṣáájú wọn, wà lára àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1945 fún ohun tó lé ní oṣù kan. Ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó iṣẹ́ dúró sójú kan. Wọ́n ní kí ìjọba fi ìdajì kún owó ọ̀wọ́n gógó tí wọ́n ń san fún wọn, kí owó iṣẹ́ òòjọ́ má sì dín ní ṣílè méjì àti sísì. Orúkọ Imoudu yìí ni wọ́n fi sọ ilé ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ òṣìṣẹ́ tó wà ní Ìlọrin, nítòsí wa níbí. Owó iṣẹ́ ló ń sáré tẹ̀lé ọjà. Ọjà kò sáré tẹ̀lé e.

Àfi ti Udoji, ìgbìmọ̀ tó ní kí wọ́n fi kún owó òṣìṣẹ́ ìjọba. Òun làwọn ọlọ́jà máa ń fi dá mi lóhùn, wọn kò sì purọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, ìjọba Gowon san owó oṣù tuntun pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ oṣù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Òṣìṣẹ́ ra alùpùpù, ó ra rédíò, ó dá aṣọ ìró, ọ̀wọ́n gógó ọdún yẹn sì lé ní 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn kan náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi ló tò sójú òkun Èkó, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé sìmẹ́ńtì, èbúté kò sì ráyè já ẹrù wọn. Owó dé, bí orúkọ ọjà Ọ̀fà. Ọjà ni kò dé. Ẹni tó bá ní ìwọ̀nba ọjà lọ́wọ́ kò rí ẹni tí yóò bá a figẹ̀ wọngẹ̀, ó sì pe iye tó wù ú.

Ìgbà wo wá ni ìdúnàádúrà owó iṣẹ́ máa ń já owó ọjà wálẹ̀? Níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ bá ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó ni: aránṣọ, onídìrí, bíríkìlà, alágbàṣe oko. Ká ní àwọn ọmọ iṣẹ́ aránṣọ kan gbà láti gba owó tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Owó tí ọ̀gá fi pamọ́ wà lápò rẹ̀. Àánú kọ́ ni yóò yọ ọ́ jáde. Aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì ni. Bí kò bá sí aránṣọ ní òdìkejì, ọmọ iṣẹ́ ti pàdánù, oníbàárà kò sì jèrè. Ní ti oníbúrẹ́dì, ìyẹ̀fun, ṣúgà àti dísẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ ẹ́ run. Bó tilẹ̀ gé owó àwọn ọmọ tó ń po ìyẹ̀fun sí méjì, kò ní í hàn lára búrẹ́dì.

Àwọn ará Japan ti rin ọ̀nà yìí jìnnà jù wá lọ. Lọ́dọọdún, lásìkò ìrúwé, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá máa ń jókòó dúnàádúrà. Shuntō ni wọ́n ń pè é. Láti ìparí àwọn ọdún 1990, òṣìṣẹ́ kò béèrè púpọ̀ mọ́ kí iṣẹ́ má bàa bọ́, ilé iṣẹ́ kò sì gbé owó lé ọjà nítorí pé ẹni tó bá gbé e lé á pàdánù oníbàárà. Owó ọjà dúró, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń wálẹ̀, fún ọdún gbọọrọ. Ẹ óò rò pé ayọ̀ ni. Owó oṣù kò kúrò lójú kan, ẹni tó lè rajà lónìí ń dúró de ọ̀la. Shuntō ọdún 2024 ló mú àfikún tó ju márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wá, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1991, ìjọba wọn fúnra rẹ̀ ló sì ń rọ àwọn ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n san án.

Kì í kúkú ṣe gbogbo owó tó wálẹ̀ ni ọmọ ìdíje. Lọ́dún 1937, UAC àti àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó mìíràn tó ń ra kòkó ní Gold Coast àti Nàìjíríà jọ fẹnu kò pé àwọn kò ní í figagbága mọ́ lórí iye tí wọn yóò máa rà á. Owó kòkó já wálẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fi kún un, nítorí pé àwọn tó ń rà á kò bá ara wọn jà. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast kọ̀, wọ́n di kòkó wọn mú fún oṣù púpọ̀, títí wọnú ọdún 1938.

Àgbẹ̀ ànàmọ́ kò lè di tirẹ̀ mú. Ànàmọ́ tí a ti wú kì í dúró pẹ́, gbogbo oko sì ń wú u lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọn alájàpá bá gbé ọkọ̀ wá láti Ìbàdàn tàbí Èkó, wọ́n mọ̀ pé ẹni tó gbé ọjà wá kò fẹ́ gbé e padà sílé. Lọ́dún 2025, nígbà tí owó ìrẹsì àti àgbàdo wálẹ̀, ará ìlú dúpẹ́. Àgbẹ̀ tó fi owó ọ̀wọ́n ra ajílẹ̀, tó sì sanwó fún alágbàṣe, figbe ta. Àwọn alágbàṣe yìí náà ń bá àgbẹ̀ nájà. Nígbà ebè kíkọ, tí gbogbo oko ń wá wọn, àwọn ni ọ̀gá: wọ́n á ka ebè ní igba-igba, wọ́n á pe iye, wọ́n á sì gbé ọkọ́ kọ́ èjìká bí ẹni tó ń lọ sóko ẹlòmíràn. Nígbà tí owó ànàmọ́ bá ti já wálẹ̀ tán, àgbẹ̀ á ní kí wọ́n gba ìdajì. Ànàmọ́ méjì tí mo gbà ní èènì, ẹnì kan ló wú u nílẹ̀, kò sì dájú pé wọ́n san owó rẹ̀ pé.

Mo padà gba ọjà yẹn kọjá nírọ̀lẹ́. Ìyá àkọ́kọ́ ti ń kó ẹrù. Àpò ànàmọ́ kan àtààbọ̀ ló ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ọmọkùnrin kan ti bárò rẹ̀ dé, ó pe iye tí yóò fi gbé e dé ibi tí ọkọ̀ wà. Ìyá ní ó ti pọ̀ jù. Kí wọ́n tó ná an délẹ̀, ọmọkùnrin mìíràn ti fi eré dé pẹ̀lú bárò tirẹ̀, ó pe iye tó kéré sí i. Ìyá wo àwọn méjèèjì. Ó ní kí ìkejì gbé ẹrù. Lẹ́yìn náà ló tú ẹnu àpò tí kò kún, ó mú ànàmọ́ mẹ́ta, ó kó o lé ọmọ àkọ́kọ́ lọ́wọ́, ó sì tẹ̀lé bárò lọ.